Àpótí Tó Wà Nínú Fóònù

Fúnminíyì pa gbogbo ohun tí àwọn aboyún Ọ̀kà kọ pamọ́ sínú fóònù wọn rẹ́, àwọn aboyún náà ló sì ní kó pa á rẹ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí àwọn kan ní Ìkàrẹ́ ti ń sọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n ní inú ló bí i. Wọ́n ní nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn ló ba nǹkan jẹ́. Irọ́ ni.

Ní Ọ̀kà, oyún inú, a kì í kà á kún ọmọ tilẹ̀. Obìnrin tó bá lóyún kì í sọ ọ́. Ó máa ń jẹ́ kí ikùn sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ìyá ọkọ á rí i, á dákẹ́. Aládùúgbò á rí i, á ní ṣé àlàáfíà ni, obìnrin náà á ní àlàáfíà ni, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn tó lọ iléèwé jìnnà máa ń pe èyí ní àìlajú. Ẹni tí oyún ti bàjẹ́ mọ́ lára rí kì í pè é bẹ́ẹ̀.

Ti Fúnminíyì bàjẹ́ nígbà tó pé oṣù méje. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, òun àti Babárìndé ọkọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́, nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ lé e níkùn, ìró ọkàn ọmọ náà sì jáde, ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ pàjáwìrì. Kọ̀ǹpútà ni Fúnminíyì ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama. Ó ti ṣe ojú-ewé kékeré kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó fi ń kọ bí ara ṣe ń ṣe é sílẹ̀, ó sì ti fi bọ́tìnnì tó ń gba ohùn sílẹ̀ sí i. Bátìrì fóònù tirẹ̀ ti kú lọ́jọ́ náà. Babárìndé ló ṣí ojú-ewé yẹn lórí fóònù tirẹ̀, ó nà án sí ẹ̀rọ nọ́ọ̀sì, ó sì gba ìró náà. Orí fóònù Babárìndé nìkan ló wà.

Fúnminíyì mọ bí a ṣe ń yọ ọ́ síbòmíràn. Iṣẹ́ kékeré ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ ọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbọ́, kó lè mọ̀ pé ó yọ dáadáa, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ. Ó ń sún un síwájú. Babárìndé ní tirẹ̀ ń gbọ́ ọ. Kòkó ló ń ṣe ní Ìkún, abà ló sì máa ń sùn láàárín ọ̀sẹ̀. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní abà náà rárá. Á ṣí ojú-ewé yẹn níbẹ̀, á gbé fóònù sétí, ẹnikẹ́ni tó bá bá a sọ̀rọ̀ lásìkò náà, ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ni Fúnminíyì tún ojú-ewé náà ṣe fún àwọn obìnrin mìíràn, kí wọ́n lè máa kọ ohun tí ara wọn ń sọ fún wọn, kí ojú-ewé sì kìlọ̀ fún wọn tí ẹsẹ̀ bá ń wú jù tàbí tí orí bá ń fọ́ lọ́nà tí kò yẹ. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Buráósà tí gbogbo ayé fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì ní àpótí kan nínú. Ojú-ewé tí o bá ṣí lè kó nǹkan sínú àpótí náà, kó sì tún lọ mú un níbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà o, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí o. Nǹkan náà kò kúrò nínú fóònù rẹ. Ojú-ewé ẹlòmíràn kò lè ṣí i, nítorí àdírẹ́sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀: àdírẹ́sì tó kó nǹkan síbẹ̀ nìkan ni buráósà ń jẹ́ kó padà wọlé.

Ìyátúndé kò kọ́kọ́ gbà. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ni, ṣùgbọ́n kò fẹ̀yìn ti ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọjọ́ kílínìkì àwọn aboyún ló ń wà ní ilé ìlera Ọ̀kà, tó ń pàṣẹ fún àwọn tí ìjọba gbà síṣẹ́.

"Ohun tí wọ́n bá kọ, níbo ló ń lọ?"

"Kò lọ ibì kankan, Màmá. Inú fóònù wọn ló wà."

"Ìwọ tí o ṣe é, ṣé o lè rí i?"

"Mi ò lè rí i."

"Búra."

"Màmá, nǹkan kọ̀ǹpútà ni. Mo lè ṣàlàyé bó ṣe…"

"Mi ò ní kí o ṣàlàyé. Mo ní kí o búra."

Fúnminíyì fi ọmọ rẹ̀ tí kò dúró búra. Ìyátúndé wò ó pẹ́, ó sì yíjú sí àwọn obìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí wọ́n mú fóònù wọn jáde.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Wọ́n kọ ohun tí wọn ò sọ fún ọkọ. Latifah, tó ń ránṣọ ní ìsàlẹ̀ ọjà, kọ ọ́ pé oyún ti bàjẹ́ mọ́ òun lára lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó wọlé ọkọ tó wà yìí. Ẹni kan ṣoṣo tó tún sọ ọ́ fún ni Fúnminíyì, kò sì sọ ọ́ àfi nígbà tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ já, tí ẹ̀rù bà á. "Tí ìyá ọkọ mi bá gbọ́," ó ní, "kò ní bá mi jà o. Á kàn máa kí mi dáadáa ni. Ìyẹn ló burú."

Ohun kan wà tí Fúnminíyì kò rò já. Àdírẹ́sì tí ojú-ewé náà wà kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí oyún tirẹ̀ tó bàjẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Nathaniel, tó jẹ́ olórí àjọ kan tó ń ran àwọn ìyá lọ́wọ́ ní Ìkàrẹ́, gbọ́ nípa rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni. Ó ní kí ló dé tó fẹ́ ra àdírẹ́sì nígbà tí àjọ ní, kó wá lo ti àwọn. Ó lò ó. Ó tún dúpẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan ni Nathaniel ránṣẹ́ pè é sí Ìkàrẹ́. Ọ́fíìsì rẹ̀ tutù ju bó ṣe yẹ lọ, àwòrán àwọn ìyá tó ń rẹ́rìn-ín sì wà lára gbogbo ògiri. Fúnminíyì wò wọ́n, kò rí ará Ọ̀kà kankan níbẹ̀.

"Jókòó, Fúnmi. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, sà."

"Iṣẹ́ rẹ ti dé etí àwọn èèyàn ńlá. Àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ láti òkè òkun fẹ́ rí àwọn ìyá yìí. Wọ́n fẹ́ gbọ́ wọn. Dátà ni ohùn àwọn tí kò lóhùn."

"Wọ́n lóhùn, sà. Ẹ wá sí Ọ̀kà lọ́jọ́ kílínìkì, ẹ ò ní ráyè sọ̀rọ̀."

Nathaniel rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó mọ ẹ̀rín rín ni. "Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kí ojú-ewé náà máa kó ohun tó wà nínú àpótí wọn ránṣẹ́ sí wa níbí. Orúkọ, ìlú, gbogbo rẹ̀. A óò yọ orúkọ kúrò tó bá yá."

"Tó bá yá nígbà wo?"

"Fúnmi."

"Mo ti sọ fún wọn pé kò ní kúrò nínú fóònù wọn, sà. Mo búra fún wọn."

"Ìwọ lo búra. Àjọ kò búra." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń bọ̀. "Àdírẹ́sì ta ni?"

Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà, àwọn méjèèjì sì mọ̀ ọ́n.

"Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà nìkan kọ́ lẹ mọ̀wé," Nathaniel ní. "Mo ti bá ọmọkùnrin kan ní Àkúrẹ́ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ajé ló máa ráyè gbé ojú-ewé tuntun sí àdírẹ́sì wa. Obìnrin tó bá ti ṣí i, ojú-ewé tuntun á wọnú àpótí yẹn, á kó ohun tó wà níbẹ̀ wá. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ ìwọ lo ṣe é ni, kí orúkọ rẹ lè wà lára rẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Buráósà kò mọ ẹni tó kọ ojú-ewé. Àdírẹ́sì ló mọ̀.

"Ṣé ẹ máa bi wọ́n kí ẹ tó kó o, sà?"

"A óò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé."

"Ní èdè wo?"

"Fúnmi, má jẹ́ ká fi èyí ṣe àríyànjiyàn. Ìwọ náà mọ bó ṣe ń rí lára obìnrin tó bá pàdánù ọmọ. Ṣé o ò fẹ́ kí irú rẹ̀ dín kù ni?"

Fúnminíyì dìde. "Ẹ má fi ọmọ mi dá mi jókòó, sà. Mi ò ṣe é."

"Lọ rò ó."

"Mo ti rò ó láti ìgbà tí mo ti wọlé."

Ó wọ ọkọ̀ padà sí Ọ̀kà. Awakọ̀ ń bá àwọn èrò sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà tó bàjẹ́, Fúnminíyì kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Kò ronú nípa bóyá òun máa ṣe nǹkan. Bó ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn obìnrin náà ló ń rò. Kò sí ọ̀nà kankan tó dára láti sọ ọ́, nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí kílínìkì pé, ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Wọ́n ti kọrin tán. Bẹ́ǹṣì kún, àwọn kan jókòó sórí pèpéle.

"Ta ni Nathaniel yìí?" obìnrin kan ní ẹ̀yìn béèrè. "Ṣé ọkùnrin tó máa ń wá ya wá ní fọ́tò ni, tí á ní ká rẹ́rìn-ín?"

"Òun ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn kò ní lọ lásán."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Latifah kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí Fúnmi, ẹ ní àpótí tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣí ni."

"Mo ní bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò sọ pé àárín ilé onílé lẹ gbé àpótí náà kalẹ̀ sí."

"Mi ò sọ. Mi ò ronú dé ibẹ̀."

"Ẹ bá tètè ronú dé ibẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Latifah retí kó tún sọ nǹkan mìíràn, kó bẹ̀bẹ̀ tàbí kó ṣàlàyé. Kò sọ nǹkan mìíràn. Èyí gan-an ló jẹ́ kí ìbínú Latifah rọlẹ̀.

"Ṣé a ò kàn lè má ṣí i mọ́?" ẹnìkan béèrè.

"Ìwọ lè má ṣí i. Ọmọ rẹ á ṣí i nígbà tó bá ń ṣeré. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní ọjà á ṣí i. Ọkọ rẹ á ṣí i."

"Ọkọ mi? Ọwọ́ rẹ̀ á gé."

Ìyátúndé fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. "Ìjà la ó jà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a fi ń jà. Fúnmi, kí lo lè ṣe?"

"Páswọ́ọ̀dù ojú-ewé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi títí di ọjọ́ Ajé. Mo lè fi ìlà kan sí i. Ẹni tó bá ti ṣí ojú-ewé pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àpótí tirẹ̀ á ṣófo. Tí ti Àkúrẹ́ bá dé, kò ní bá nǹkan kan."

"Ṣé ó ṣeé mú padà?"

"Kò ṣeé mú padà, Màmá."

Ariwo sọ. Àwọn kan ti fi oṣù mẹ́ta, mẹ́rin kọ nǹkan síbẹ̀. Obìnrin kan ní òun kò ní ibòmíràn tí òun kọ ìfúnpá òun sí. Ìyátúndé jẹ́ kí wọ́n pariwo tán.

"Ohun tí nọ́ọ̀sì nílò," ó ní, "ẹ kọ ọ́ sí káàdì kílínìkì nísinsìnyí, lójú mi. Ohun tí nọ́ọ̀sì kò nílò, ẹ lọ fi inú yín tọ́jú rẹ̀, bí àwọn ìyá yín ṣe fi tọ́jú tiwọn. Kí ẹni tó bá kọ̀ sọ ọ́ níbí, kí a gbọ́."

Kò sẹ́ni tó kọ̀. Latifah ló kọ́kọ́ dìde. "Ẹ pa tèmi rẹ́, Àǹtí." Àwọn tó kù tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n bá ń jẹ́ orúkọ ní kílínìkì.

Fúnminíyì ṣí lápútọ́ọ̀pù sórí ẹsẹ̀ níbẹ̀, Latifah sì tan nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù rẹ̀ fún un. Ó kọ ìlà náà. Ó tún kọ gbólóhùn kan tí ojú-ewé máa fi hàn lẹ́yìn tó bá ti pa nǹkan rẹ́, kí obìnrin kankan má bàa rò pé fóònù òun ló bàjẹ́: *Kò sí nǹkan níbí mọ́.*

"Ìlà kan péré?" Ìyátúndé béèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn léjìká.

"Ìlà kan, Màmá."

"Ilé ń pẹ́ kó tó ga. Wíwó rẹ̀ ni kì í pẹ́."

Wọ́n ṣí i, wọ́n sì ń fi hàn án. Kò sí nǹkan níbí mọ́. Kò sí nǹkan níbí mọ́. Aboyún kan ní kí òun tún un ṣí wò bóyá kò ṣe tán, ó tún ṣí i, ó ní, "Ó ti ṣe tán," ó sì fi fóònù sínú àpò.

Àwọn tí kò wá ló kù. Ìyátúndé sọ̀rọ̀ sínú fóònù, ó sì fi ránṣẹ́ sí wọn lórí Wọ́sáàpù. Èdè Ọ̀kà pọ́ńbélé ló fi sọ ọ́, irú èyí tí ará Ìkàrẹ́ á gbọ́ ìdajì rẹ̀, tí ará Àkúrẹ́ kò ní gbọ́ rárá. Fúnminíyì pe àwọn tí kò fèsì. Ó gun ọ̀kadà lọ bá àwọn tí kò gbé fóònù. Ó bá ọ̀kan nídìí ẹ̀fọ́, ó bá òmíràn níbi tó ti ń di irun. Nígbà tí ọjọ́ Àbámẹ́ta fi máa rọ̀, kò sí obìnrin kankan tó ń lo ojú-ewé náà tí kò tíì ṣí i. Kò gbàgbé obìnrin kankan nínú wọn.

Ní ọjọ́ Àìkú, Nathaniel dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọkùnrin Àkúrẹ́ ti yọjú wo ojú-ewé náà, ó ti rí ìlà yẹn, ó sì ti pe Nathaniel. Ọ̀gbẹ́ni náà kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Kí ni mo ṣe fún ọ, Fúnminíyì?"

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"O ba ohun ìní àjọ jẹ́."

"Àdírẹ́sì ni ohun ìní àjọ, sà. Ó ṣì wà níbẹ̀."

"Mo lè fi lọ́ọ́yà mú ọ."

"Ẹ bá mi kí lọ́ọ́yà. Kí ó mú obìnrin kan ṣoṣo wá tó ní òun ní kí ẹ kó ọ̀rọ̀ òun. Tó bá ti mú un wá, mo ti jẹ̀bi."

Àwọn ènìyàn ti ń dúró gbọ́. Nathaniel rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìwọ àti àjọ ti parí. Kò sì sí àjọ mìíràn ní Àkókó tó máa gbà ọ́ síṣẹ́, màá rí sí i. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà. Ẹ jẹ́ ká wọlé. Ìlà iwájú ni mo fẹ́ jókòó sí."

Ìlà iwájú náà ló jókòó sí. Ó kọ gbogbo orin. Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn obìnrin méjì tí kò bá a sọ̀rọ̀ rí wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọn kò sọ ìdí, kò sì béèrè. Ó rìn lọ sílé bí ẹni tó ṣẹ́gun, nítorí ó ṣẹ́gun.

Babárìndé ti dé láti Ìkún. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú bàtà oko lẹ́sẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n jọ kàwé ni, "o" ni wọ́n ń pe ara wọn, ìyá Babárìndé kò fẹ́ràn pípe bẹ́ẹ̀, wọn kò sì jáwọ́.

"Níyì."

"Kú àbọ̀. Kòkó ńkọ́?"

"Ó ń gbẹ. Wá wo nǹkan kan. Ojú-ewé yìí ní kò sí nǹkan níbí mọ́."

Fúnminíyì kà á. Ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ ni.

"Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?" Babárìndé béèrè. "Ó ṣì wà láàárọ̀ yìí. Mo gbọ́ ọ ní abà kí n tó bọ̀."

"Ní abà, ojú-ewé àtijọ́ ló ń ṣí fún ọ, torí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ibí ló ti mú tuntun." Ó jókòó tì í. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ọ́fíìsì Nathaniel títí dé ìlà tó kọ. Kò fi nǹkan kan pamọ́ fún un, kò sì sunkún, nítorí kò fẹ́ kó jẹ́ Babárìndé ló máa wá kí òun ní pẹ̀lẹ́.

"Ṣé ó wà níbòmíràn?"

"Kò sí níbòmíràn."

"O ò ránṣẹ́ sí mi."

"Mo ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn obìnrin. Mi ò rántí ìwọ."

Babárìndé wo fóònù náà. Ó tún ojú-ewé ṣí lẹ́ẹ̀kan sí i, bí aboyún ọjọ́sí. Ó tì í.

"Àwọn obìnrin náà, ṣé wọ́n bọ́?"

"Wọ́n bọ́."

"Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ṣé wàá tún ṣe é?"

"Màá tún ṣe é. Ṣùgbọ́n ìwọ ni màá kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí."

Babárìndé bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀, ó sì pẹ́ nídìí rẹ̀.

Àjọ gbé ojú-ewé tuntun síbẹ̀, kò sí ará Ọ̀kà tó ṣí i. Latifah bímọ, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń kí i bó ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀. Fúnminíyì ti ra àdírẹ́sì tirẹ̀, ó ti ń tún gbogbo rẹ̀ kọ́. Nínú gbogbo wọn, Babárìndé tí wọn ò bi ní nǹkan kan ló san gbèsè rẹ̀. Ó ṣì ń sùn ní abà ní Ìkún, fóònù náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń gbé e sétí fún mọ́ níbẹ̀, nítorí ìró yẹn ti lọ, kò sì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹnikẹ́ni máa fi pè é.